Olùtọ́jú Ìwé àti Ẹni Tí Ó Wá Bèèrè: Àsọyé fún Àwọn Ọmọ Ìjọ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀



Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé: bí ó ti yẹ kí ó máa kọ́ ẹ̀kọ́ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀, àti bí ó ti yẹ kí ó máa bá ẹni tí ó tọ̀ ọ́ wá sọ̀rọ̀. Bóyá àwọn kan nínú yín ń wí ní ọkàn wọn pé, kí ni èyí kàn wá, àwa tí a kì í ṣe olùtọ́jú ìwé? Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀. Mo gbọ́ pé ìjọ yìí ń gbèrò láti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìwé kíkà, àti pé ohun tí ẹ ń bá ara yín jiyàn lé lórí láti oṣù mélòó kan wá ni irú pákó tí a ó to ìwé sí, àti iye owó tí a ó fi ra ìwé. Àríyànjiyàn rere ni. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé, ta ni yóò jókòó síbẹ̀, irú ọ̀rọ̀ wo ni yóò sì máa ti ẹnu rẹ̀ jáde? Lórí ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ mi dúró.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Fílípì àti ìwẹ̀fà ará Etiópíà, tí ó wà nínú orí kẹjọ ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ọkùnrin náà kì í ṣe púrúǹtù. Ìjòyè ni, ó ní kẹ̀kẹ́, ó ní ìwé wòlíì Àìsáyà lọ́wọ́, ó sì ń kà á sókè. Ohun gbogbo tí ilé ìkàwé lè fi fún ènìyàn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí yóò súnmọ́ ọn nìkan ni ó kù. Fílípì kò fi ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Ó sáré tọ̀ ọ́ lọ, ó gbọ́ ohun tí ó ń kà, ó sì bi í bí ó bá yé e. Nígbà náà ni ìjòyè náà pè é kí ó gòkè wá jókòó ti òun, tí ó sì wá bi í ní ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Nínú ìtàn kúkúrú yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ wa wà: kí á súnmọ́ ènìyàn, kí á fetí sílẹ̀, kí á béèrè, kí á jókòó tì í, kí á tó dáhùn.

Àwọn baba wa fẹ́ràn ìwé. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, kí àwọn ènìyàn lè máa kà á ní èdè ara wọn. Ní ọdún 1884 ni Bíbélì Yorùbá sì jáde lódindi, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ní Èkó níhìn-ín ni a bí Henry Carr ní ọdún 1863, ọmọ ìjọ àti olùkọ́ tí ó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1945, ìwé tí ó kó jọ nínú ilé rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì wà lára ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn ní ọdún 1948. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ẹnìkan ṣoṣo ń kà ní ìdákẹ́jẹ́ di ohun ìní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nígbà tí Carr wà láàyè, òun fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìwé náà di ti gbogbo ènìyàn, a kò lè ṣe é mọ́ láìsí ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà.

Nítorí náà ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn olùtọ́jú ìwé. Ní ọdún 1944, a ṣí ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan fún iṣẹ́ yìí ní Achimota, ní ilẹ̀ Gold Coast tí ó di Gánà lónìí, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà sì wà nínú àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1954, a dá ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Ní ọdún 1960, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1962, ti Nàìjíríà di ẹgbẹ́ lọ́tọ̀. Ní ọdún 1964, a ṣí Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti orílẹ̀-èdè wa ní Èkó. Ní ọdún 1995, òfin sì jáde tí ó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé sílẹ̀ àti láti máa ṣọ́ ìwà wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rí i pé iṣẹ́ tí àwọn kan rò pé kò ju kí á gbọn eruku ìwé lọ ti di iṣẹ́ tí ó ní ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ àti òfin.

Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí kì í ṣe òpin ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe mi kan fún yín.

Ó ti pẹ́ díẹ̀, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé kan tí n kò ní dárúkọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé. Aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó wọ̀, ó sì ti fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó wọlé, nítorí mo rí omi tí ń kán ní ìka rẹ̀. Ó kí mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ń wá ìwé lórí ẹ̀jẹ̀.” Inú mi dùn, nítorí mo mọ ibi tí ìwé náà wà. N kò tilẹ̀ gbé orí sókè dáadáa. Mo ní, “Ìlà kẹta, lápá òsì, nísàlẹ̀.” Ó lọ. Ó fa ìwé ńlá kan jáde, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń kà. Ó ṣí i, ó wò ó, ó pa á dé, ó sì dá a padà sí àyè rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Èmi fa ìlà kan sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi: ẹnìkan béèrè, a sì dá a lóhùn.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa to ìwé padà sí àyè wọn. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó kà mọ. Ó bá ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ ò rí ohun tí ẹ ń wá ni? Kí ni ẹ fẹ́ fi ìwé náà ṣe?” Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, òun àti àfẹ́sọ́nà òun ti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọ wọn ti pàṣẹ. AS ni tirẹ̀, AS sì ni ti ọmọbìnrin náà. Wọ́n ti san owó gbọ̀ngán, wọ́n ti ra aṣọ ẹbí. Àwọn kan ní kí wọ́n má fòyà, àwọn mìíràn ní kí wọ́n má dán an wò. Òun fẹ́ fi ojú ara òun kà á, kí òun tó mọ ohun tí òun yóò bá ọmọbìnrin náà sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọbìnrin wa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá pè mí. A gbé àga sí kọ̀rọ̀ kan. A wá ìwé pẹlẹbẹ kan tí a kọ ní èdè tí ó rọrùn, a sì kà á pọ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé, bí AS bá fẹ́ AS, nígbàkígbà tí oyún bá dúró, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS, kí ó sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìdá méjì nínú mẹ́rin ni kí ó jẹ́ AS, ìdá kan ni kí ó jẹ́ AA. Nígbà náà ni a rí ohun tí kò tíì yé e. Ó ti rò pé nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ni yóò ṣàìsàn, àti pé bí àwọn bá bí méjì péré, ó lè má kàn wọ́n rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó dá dúró. Èyí tí ó ṣáájú kò san gbèsè èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ó yé e, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. A kọ ibi tí ó lè lọ fún un, ní Ìdí-Àràbà, níwájú ilé ìwòsàn LUTH, níbi tí àwọn tí ó mọ àrùn yìí ti ń gba ènìyàn nímọ̀ràn. A kò sọ fún un pé kí ó fẹ́ ọmọbìnrin náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí ó má fẹ́ ẹ. Èyíinì wà láàrin àwọn méjèèjì àti Ọlọ́run. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí ó má ṣe lọ sọ ọ̀rọ̀ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò tí kò tọ́ lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ìwé ẹ̀rí mi wà lára ògiri ní ọjọ́ náà. Ìbéèrè tí ó ran ọkùnrin yẹn lọ́wọ́ kò ti inú rẹ̀ jáde. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà, ohun mẹ́rin ni mo sì rí kọ́.

Èkínní: ohun tí ènìyàn kọ́kọ́ sọ kì í sábà jẹ́ gbogbo ohun tí ó ń wá. Ní ọdún 1968, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Taylor, kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí. Ó fi hàn pé àìní máa ń wà nínú ọkàn kí ènìyàn tó ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́, àti pé nígbà tí ó bá dé iwájú olùtọ́jú ìwé, ó ti gé ìbéèrè rẹ̀ kúrú láti bá ohun tí ó rò pé ilé ìkàwé ní mu. Ẹ wò ó níhìn-ín. Bí ìyá kan láti Ìsọlọ̀ bá wá, tí ó sì béèrè ìwé lórí gàrí, kí ni ó ń wá? Bóyá ó fẹ́ mọ ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní ọdún 1956 ti ṣiṣẹ́ lórí èyí. Bóyá ó ti ń ṣe gàrí, ó sì fẹ́ dì í sínú ọ̀rá kí ó tà á. Nígbà náà ọ̀nà ọ́fíìsì NAFDAC ní Ìsọlọ̀ ni a ó fi hàn án. Bóyá ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo, “Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?” ni yóò ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀.

Èkejì: ìtìjú a máa pa ìbéèrè. Ẹ lọ dúró ní ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì, èyí tí a ṣí ní ọdún 2019. A kọ orúkọ ìlú sára pátákó káàkiri, síbẹ̀ ènìyàn ni àlejò ń wá láti bi, kì í sì í ṣe ẹnikẹ́ni ṣáá, bí kò ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ tutù. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìkàwé rí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí olùtọ́jú ìwé kọ́kọ́ kí ènìyàn. Kí ó gbé orí sókè. Kí ó bá àgbà sọ̀rọ̀ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kí ó sì máa lo èdè tí ẹni náà bá mú wá. Kí ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin “Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?” àti “Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ mọ̀?” Ìbéèrè ìránlọ́wọ́ ni ti ìṣáájú, ti ìkejì dà bí ìbéèrè ọlọ́pàá.

Ẹ̀kẹta: àṣírí. Ọmọbìnrin náà gba àṣẹ kí ó tó pè mí. Nínú ìjọ, níbi tí gbogbo wa ti mọ ara wa, èyí le jù bí ó ti le ní ilé ìkàwé ìjọba lọ. Bí opó kan bá wá ka ìwé lórí ogún pínpín, tí ọ̀rọ̀ náà sì dé etí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ kí ó tó dé ilé, kò ní padà wá mọ́, ẹlòmíràn kò sì ní wá. Ohun tí ènìyàn kà àti ohun tí ó béèrè, tirẹ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà gbangba pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin: kí á sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, kí á má sì tijú láti wí pé, “N kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ó mọ̀.” Ẹ rántí ọdún 2014. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje, ẹni tí ó ní àrùn Ebola sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ẹni 20 ni àrùn náà mú ní orílẹ̀-èdè wa, 8 sì kú nínú wọn, kí a tó kéde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá pé ó ti kúrò. Ṣùgbọ́n láàrin àkókò náà, ọ̀rọ̀ kan gba orí ẹ̀rọ alágbèéká kan dé èkejì ní òru ọjọ́ kan pé kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu ún. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ó kéré tán ẹni méjì kú nípa mímu ún. Àrùn náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tí kò ní orísun ni ó pa wọ́n. Àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ kò fẹ́ ibi, wọ́n fẹ́ràn àwọn ará wọn. Ohun tí wọn kò ṣe ni kí wọ́n béèrè pé, ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, níbo ni ó ti rí i?

Nísinsìnyí, báwo ni olùtọ́jú ìwé yóò ṣe máa dàgbà nínú iṣẹ́ yìí? Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí a ń fi káàdì kékeré inú dúrọ́ọ̀ wá ìwé kò lè fi ìmọ̀ yẹn nìkan dúró ní ọjọ́ tí ọmọdé ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wá ohun gbogbo. Ìgbìmọ̀ tí òfin 1995 dá sílẹ̀ ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n máa lọ, kí àwọn tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ sì máa fún wọn láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí kò ná wa ní owó púpọ̀.

Kí olùtọ́jú ìwé ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ìbéèrè tí kò lè dáhùn sínú rẹ̀, láìkọ orúkọ ẹni tí ó béèrè. Ní òpin oṣù, kí ó kà á. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ìwé tí ó yẹ kí a rà, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀. Kí ó máa pàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ mìíràn ní Òṣòdì, Ìsọlọ̀ àti Máfolúkù, kí ọ̀kan máa jókòó gbọ́ bí èkejì ṣe ń dá ènìyàn lóhùn, kí ó sì sọ òtítọ́ fún un. Ó ṣe pàtàkì, nítorí a kì í mọ àṣìṣe ara wa. Ní ọdún 1986, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Hernon àti McClure, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti rán àwọn ènìyàn lọ béèrè ìbéèrè ní àwọn ilé ìkàwé láìjẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ìdánwò ni. Nínú 100 ìdáhùn, nǹkan bí 55 péré ni ó tọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ibi tí ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ni nínú wa tí yóò gbéraga? Ìlà tí mo fà sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ́jọ́ náà ì bá wà níbẹ̀ títí di òní pé a dáhùn, bí kò bá ṣe ti ọmọbìnrin yẹn.

Ẹ̀kẹ́yìn, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wá, kí ó tó lọ: “Ṣé èyí ni ohun tí ẹ ń wá lóòótọ́?” Ọ̀rọ̀ tí kò gùn ni. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn padà láti ẹnu ọ̀nà.

Alága, ẹ̀yin ará, mo ti sọ èyí tí ó wà ní ọkàn mi. Ẹ ra pákó, ẹ ra ìwé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ wá ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀. Ẹ má ṣe yàn án nítorí pé kò ní iṣẹ́ mìíràn, tàbí nítorí pé ọmọ ẹni ńlá ni. Ẹ wo ẹni tí ń kí ènìyàn dáadáa, tí ń fetí sílẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ le gba àṣírí. Ìwé títò ni a lè kọ́ ọ lẹ́yìn náà. Ẹ rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí ní ọjọ́ kan, ẹnìkan yóò ti ojú ọ̀nà Òṣòdì tí ariwo rẹ̀ kò dákẹ́ wọlé wá, yóò ti fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó wọlé, yóò sì béèrè ohun kan tí kì í ṣe ohun tí ó ń wá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó bá ẹni tí yóò gbé orí sókè.